Àwọn Tó Wá Wọn Omi Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àmójútó ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ sì kú iṣẹ́ orí àkàbà. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ọ́fíìsì ni mo wà, tí ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

Kí n tó sọ ohun tó gbé mi kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọjá, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé Màmá kúrò nínú yàrá yẹn kí òjò tó dé, pé èmi ni màá san owó ilé tí ẹ bá rí lórí òkè. Ẹ dá mi lóhùn lójú ìwé mẹ́ta. Ẹ sọ̀rọ̀ ọ̀dà tí kò dára mọ́ lọ́jà, ẹ sọ̀rọ̀ awakọ̀ tó fẹ́yìn tì ládùúgbò yín tó kọ̀ tí kò kí yín, ẹ ò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ilé. Bàbá, ẹsẹ̀ Màmá kò gbé e mọ́. Nígbà tí omi wọlé lọ́dún tó kọjá, orí tábìlì lẹ gbé e sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣé orí tábìlì náà lẹ tún fẹ́ gbé e sí lọ́dún yìí ni?

Ó dáa, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì wa ni àwọn ìlú ńlá máa ń kọ̀wé sí bí wọ́n bá fẹ́ yá owó láti fi múra de ojú ọjọ́ tó ti ń ya wèrè yìí. Èyí tí omi ń dà láàmú á fẹ́ gbẹ́ gọ́tà, èyí tí ooru ń pa á fẹ́ gbin igi. Ìlú wa náà ti kọ̀wé. Wọ́n fẹ́ yá owó láti gbẹ́ gọ́tà ńlá kan tí yóò máa gbé àgbàrá lọ sódò, àdúgbò wa sì wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. Ṣùgbọ́n owó náà kò lè dé ibi gbogbo. Àwọn awọnlẹ̀ máa wá láàárín oṣù kejì láti mọ ibi tí omi ti ń ṣe ọṣẹ́ jù, ibẹ̀ ni gọ́tà yóò gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ariwo. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé àdúgbò bàbá mi ni, wọ́n sì ti gba fáìlì ìlú wa lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kò tiẹ̀ yẹ kí n sọ ọ́ fún yín rárá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kí ẹ sì gbà wọ́n dáadáa.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní

Ọmọ mi àtàtà,

Mo gba ìwé rẹ, mo kà á. Mo kà á sí ìyá rẹ létí, mo sì tún kà á sí gbogbo àdúgbò létí níwájú ilé aránṣọ. Má bínú, mo rí ibi tó o ti ní kì í ṣe ti ariwo. A ò pariwo. Jẹ́jẹ́ la jó.

Èwo wá ni pé wọ́n gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ? Kí lo fi ṣe wọ́n? Àwọn àgbà ní ẹni tó ní èèyàn lórí igi ọsàn kì í jẹ kíkan. Bí mo ṣe wá ní èèyàn lórí igi tán, wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀! Ọmọ mi, lọ bá ọ̀gá rẹ. Bó bá jẹ́ pé o ṣẹ̀ ẹ́ ni, bẹ̀ ẹ́ kó dá fáìlì padà fún ọ. Bí ojú bá ń tì ọ́, fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́, èmi náà mọ bí a ṣe ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀.

Ní ti ilé orí òkè, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, tí mo fi ọwọ́ ara mi kùn, ni kí n fi sílẹ̀, kí n máa lọ kí onílé láàárọ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé gọ́tà ń bọ̀. Ìyá rẹ wà dáadáa. Ó ní kí n kí ọ.

Àlejò tó ń bọ̀ yìí ló gbà mí lọ́kàn. O mọ irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́. Àdúgbò yìí ti di yẹpẹrẹ. Gbogbo ara ògiri ló ní ìlà omi, ó rí bí inú ife tíì tí a ò fọ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, mo ní ṣé báyìí la ṣe fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ọmọ mi bá wa? Kálukú ti gbà láti ra ọ̀dà funfun, èmi yóò sì kùn ún fún wọn láìgba owó iṣẹ́. A ó kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, a ó ro koríko, a ó dí kòtò. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ èèyàn ló ń gbé níbẹ̀.

Bó o bá mọ àwọ̀ tí ọ̀gá rẹ fẹ́ràn, tètè sọ fún mi, kí n fi kun fèrèsé.

Bàbá rẹ, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọlọ́dà.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ MÁ KUN ÒGIRI.

Ìlà omi tó wà lára ògiri yẹn gan-an ni àwọn awọnlẹ̀ ń bọ̀ wá wò. Òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí omi ga dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń bọ̀, kò ní sí omi nílẹ̀, ara ògiri nìkan ló kù tó lè bá yín jẹ́rìí. Bí ẹ bá kùn ún, ẹ ti fọwọ́ ara yín pa ẹlẹ́rìí yín.

Nígbà tí mo ka ìwé yín tán, mo sáré jáde kúrò lọ́fíìsì, mo pe aránṣọ lórí fóònù, nítorí pé etí yín kò gbọ́ ti fóònù mọ́. Ó ní òun ti jíṣẹ́ fún yín, pé ẹ ní irọ́ lòun ń pa. Bàbá, kò parọ́! Èmi ni mo rán an! Mo tún pè é, ó ní òun ò lọ mọ́, pé ẹ lé òun sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ọ̀rọ̀, ẹ sọ bó ṣe rí. Wọ́n á béèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ilé tí kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá jáde. Ẹ sọ pé Màmá ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rò.

Mi ò sí lórí igi kankan, Bàbá. Owó yìí kì í ṣe ọsàn. Yíyá ni ìlú ń yá a, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ aládùúgbò yín lẹ máa fi owó orí san án padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rí kí wọ́n má baà lọ gbẹ́ gọ́tà síbi tí omi ò sí.

Ẹ má sì kọ̀wé sí ọ̀gá mi. Mo fi ọjọ́ orí yín bẹ̀ yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí, o kú oríire. Àwọn èèyàn rẹ ti dé, wọ́n ti lọ!

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò yìí funfun débi pé nígbà tí oòrùn yọ, a ń fọwọ́ bojú. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, àwọn ọkùnrin méjì tó tẹ̀ lé e sì gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀ dání. Wọ́n dúró lẹ́nu àbáwọlé, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Mo mọ̀ pé ó yà wọ́n lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn fara ti ilé awakọ̀ tó fẹ́yìn tì, ọ̀dà ibẹ̀ ò sì tíì gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi kẹrosíìnì nù ún fún un.

Wọ́n ń bi wá léèrè oríṣiríṣi. Wọ́n ní ṣé omi máa ń wọlé. Mo ní omi a máa yà kí wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Wọ́n bi awakọ̀ tó fẹ́yìn tì pé báwo ni òjò tó kọjá ti rí, ó ní kò burú, àlàáfíà ni. Gbogbo wa la dáhùn bí ọmọlúàbí, kò sẹ́ni tó ṣàròyé. Wọ́n ní ṣé aláìlera wà nílé, mo ní ara gbogbo wa le koko.

Ṣé ará ìta ni màá máa ka àìsàn aya mi fún ni? Mo ti tọ́jú ìyẹn sílẹ̀. A wẹ ìyá rẹ láàárọ̀, a wọ aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ̀ fún un, a gbé e tàga tàga lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aránṣọ kó lè máa gba atẹ́gùn, kí àwọn àlejò má baà bá ibùsùn aláìsàn ní pálọ̀. Ó ń juwọ́ sí wọn láti ojú fèrèsé. Àwọn náà juwọ́ sí i, inú wọn dùn.

Aránṣọ ti kọ́kọ́ sá wá sọ fún mi pé o pe fóònù, pé o ní kí n má kun ògiri. Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tí mo bí. Ilé aránṣọ náà ni mo kùn kẹ́yìn, ohun tó ń bí i nínú nìyẹn.

Ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ gọ́tà? Àwọn èèyàn ń bi mí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ka ìwé yín lórí bọ́ọ̀sì, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀. Èwo ni "omi a máa yà kí wa"? Ṣé ọmọ ìyá yín ni omi ni? Omi tó gbé ibùsùn yín léfòó! Omi tó ba gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó yín jẹ́! Awakọ̀ tó fẹ́yìn tì tó ní àlàáfíà ni yẹn, òun kọ́ lẹ kọ̀wé sí mi pé ó sun orí òrùlé?

Màmá wá ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e pa mọ́. Wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹnu yín lẹ fi sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé. Bàbá, mi ò tíì rí irú èyí rí. Ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, tó ń sọ fún panápaná pé ẹ má ṣe wàhálà, ẹ jókòó, ẹ mu omi tútù.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní èmi ni mo sọ pé kí ẹ gbà wọ́n dáadáa. Mo sọ ọ́. Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ bí òfin ọ́fíìsì ṣe wí, wọn ì bá bá yín lójijì, wọn ì bá rí ìlà omi náà, wọn ì bá bá Màmá lórí ibùsùn. Inú ń bí mi sí ara mi ju bó ṣe ń bí mi sí yín lọ, díẹ̀ báyìí.

Ẹ kọ̀wé sí mi bí èsì bá jáde.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ìwọ ọmọ yìí,

O kú iṣẹ́. Mo rí i pé ọ̀nà jíjìn tó o wà ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀. Kò burú.

Èsì ti jáde. Káńsù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri wọn. Àdúgbò wa kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọjà ni gọ́tà yóò gbà, lọ́dọ̀ àwọn tí wọn kò kun ilé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n kọ nípa ti wa pé ewu ibẹ̀ kéré, pé àwọn ará ibẹ̀ wà ní àlàáfíà. Awakọ̀ tó fẹ́yìn tì kò kí mi mọ́ rárá báyìí, àwọn tó kù sì ń kí mi tìkọ̀-tìkọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n rà ni wọ́n ń sọ, bí ẹni pé èmi ni mo mu ún.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan, ìwọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ló ń wá wọn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá òrùlé ń jò, ṣé ọ̀sán gangan ni màá gbé ojú sókè? Kí wọ́n wá nínú oṣù keje, kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n ká ṣòkòtò, omi á fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ga dé fún wọn. Ojú ọjọ́ tó bàjẹ́ yìí, ṣé ọ̀dà mi ló bà á jẹ́? Àwa tí omi ń gbé lọ la tún máa wá ẹ̀rí, àwa la tún máa san owó náà padà, nítorí pé a fọ ojú ilé wa nígbà tí àlejò ń bọ̀!

Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn lè wá sọ tẹnu rẹ̀ ní gbọ̀ngàn káńsù ní ìparí oṣù karùn-ún. Wọ bàálù wá, kí o wá bá wa sọ ọ́. Ìwọ lo mọ èdè wọn.

Bàbá rẹ ni mo ṣì jẹ́.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ má bínú sí ohùn tí mo fi kọ̀wé ọjọ́sí. Mo kúnlẹ̀, tòótọ́ ni mo kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Òótọ́ lẹ sọ nípa ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi náà bi wọ́n. Wọ́n ní nígbà òjò ọkọ̀ àwọn kì í wọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé ìyẹn fúnra rẹ̀ kò tó ẹ̀rí ni? Gbogbo wọn yíjú sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní bí mo bá tún dárúkọ àdúgbò yẹn nínú ọ́fíìsì yìí, kí n máa kó ẹrù mi. Ó ní bí olúkúlùkù bá ń jà fún ilé bàbá tirẹ̀, ta ni yóò ṣẹ́kù fún àwọn tí kò ní ọmọ lọ́fíìsì?

Nítorí náà, mi ò lè wá. Mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò lè kọ̀wé, mi ò gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn pàápàá. Ẹ̀yin ni yóò lọ. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ kun ògiri, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi kùn ún. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ pé ìyàwó yín kò lè rìn, pé orí tábìlì lẹ ń gbé e sí. Gbólóhùn kan péré ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ wo iwájú.

Lákòókò yìí, ẹ jẹ́ kí n gba ilé orí òkè yẹn. Òjò ti sún mọ́lé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀. Omi dé ẹnu ọ̀nà, ó yọjú wo inú ilé, ó padà.

Mi ò ní lọ sí gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà, mo lè sọ ọ́, ojú ti tì mí tán lórí ìyẹn. Èyí tó kù ni mi ò lè sọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá rẹ, bọ́ọ̀sì ti fi í sílẹ̀, ó ń sáré tẹ̀ lé e. Èmi wà lórí àkàbà, mo ń kun ilé ìfìwéránṣẹ́. Gbogbo wa ń fi í rẹ́rìn-ín, a ní kò lè bá a. Ó bá a. Ó fọwọ́ gbá bọ́ọ̀sì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, awakọ̀ dúró fún un, ó gòkè, kò tiẹ̀ mí hẹlẹhẹlẹ. Irú obìnrin yẹn lo ní kí n dúró níwájú àwọn ọmọ káńsù, kí n máa sọ fún wọn pé kò lè dìde fúnra rẹ̀? Kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀? Mi ò lè ṣe é. Kí wọ́n máa gbé gọ́tà wọn lọ.

Màá gbé tábìlì náà ga sí i.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Mo ka ìwé yín, mo sunkún, nígbà tí mo sunkún tán, inú tún bí mi. Ẹ̀yin ń tijú, omi ò mọ ìtìjú.

Mo ti sanwó ilé orí òkè náà. Mi ò tọrọ àyè mọ́. Ọkọ̀ yóò wá gbé Màmá ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà. Ẹ di aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ tẹ̀ lé e. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ máa ṣọ́ ògiri yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Èmi ni. Má wò ó pé ọwọ́ ìkọ̀wé yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ni kò gbé mi mọ́, ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan. Látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹ ti ń kọ̀wé síra yín, kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì tó rántí pé mo mọ̀wé. Bàbá rẹ ń ka lẹ́tà rẹ sí mi létí bí ẹni ń ka ìròyìn fún afọ́jú, bó bá sì dé ibi tí kò dùn mọ́ ọn, á fò ó. Bó bá jáde, èmi á fà á yọ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, màá ka èyí tó fò.

Ọkọ̀ tó o rán dé lánàá. Mo ní kí awakọ̀ máa lọ. Má gbaná jẹ, jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ.

Nígbà tí ìparí oṣù karùn-ún kù sí dẹ̀dẹ̀, tí bàbá rẹ ní òun ò lọ, tí ìwọ náà ní o ò lè wá, mo bẹ aránṣọ pé kó bá mi wá ohun tó máa gbé mi. Ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ńtì ló rí. Bàbá rẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n tẹ́ àpò òfìfo sí i, wọ́n gbé mi lé e, mo di etí rẹ̀ mú, wọ́n tì mí gba ojú títì lọ. Àwọn èèyàn ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n.

Obìnrin awọnlẹ̀ yẹn wà ní gbọ̀ngàn. Ó dá mi mọ̀! Ó ní, "Màmá ojú fèrèsé! Ẹ ṣé tí ẹ juwọ́ sí wa lọ́jọ́sí." Mo ní mi ò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo ní mò ń pè yín ni, mò ń pariwo pé ẹ gòkè wá, pé èmi ni aláìlera tí ẹ ń béèrè, ẹ juwọ́ sí mi, ẹ sì lọ.

Alága wọn wá ní, "Màmá, ṣé ara le?" Mo ní rárá, ara ò le. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi, bí ẹni pé wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ní bí omi bá wọlé, orí tábìlì ni wọ́n máa ń gbé mi sí. Màá máa gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń kọlu ara wọn nínú òkùnkùn nísàlẹ̀. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí, màá tọ̀ sára, torí bàbá rẹ wà níta, ó ń fi korobá gbọ́n omi, kò lè gbọ́ mi. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ojú ò tì mí. Àwọn tó ń gbọ́ ni ojú ń tì.

Wọ́n ní àwọn á tún àdúgbò náà wọ̀n, pé nínú òjò làwọn máa wá lọ́tẹ̀ yìí, bí ọkọ̀ ò bá wọlé, àwọn á fẹsẹ̀ rìn. Wọn ò ṣèlérí gọ́tà o. Bó bá tiẹ̀ bọ́ sí i, ó di ọdún tó ń bọ̀. Owó ìlú kì í sáré, ìwọ náà mọ̀.

Mi ò wá lè dúró de ọdún tó ń bọ̀ lórí tábìlì. Mi ò sì fẹ́ ilé orí òkè rẹ, níbi tí mi ò ti mọ ẹnì kankan, tí màá máa wo ògiri láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí a kúrò ní gbọ̀ngàn, mo ní kí wọ́n má gbé mi padà sílé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aránṣọ ni kí wọ́n gbé mi lọ. Ibẹ̀ ni mo wà. Mò ń bá a gán bọ́tìnì, mò ń bá a ká etí aṣọ. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́ ju tòun lọ, mo sì gbà á gbọ́. Lọ gba owó rẹ padà lọ́wọ́ onílé.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ẹrù lẹ sọ mí dà. Bàbá rẹ ní kí wọ́n gbé mi pa mọ́ síbí, ìwọ ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́hùn-ún, ẹ di aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ní, ìyá, níbo lo fẹ́ wà? Àwọn awọnlẹ̀ tiẹ̀ sàn jù yín lọ, àwọn béèrè mi. Inú bí mi gidigidi. Ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ní ti bàbá rẹ, ó ní mo tú òun síta gbangba. Látìgbà náà, abẹ́ fèrèsé níbí ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́, kò sì gbójú sókè. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀, mo rí i láti òkè níbí bí omi ṣe wọ ẹnu ọ̀nà wa tí kò padà. Kò pẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá rẹ ló wọlé, ó tutù rinrin, ó fi ìrọ̀rí rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀wù kó má baà rẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo sún fún un lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ.